Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ẹ Ò Bá Nílé, àti Mísítà Tó Ń Kọ́ Ọmọ Yín Níṣẹ́

Ìbéèrè: "Ọmọ mi obìnrin ń kàwé Másítà ní Ìbàdàn, nínú láàbù kan tí wọ́n ti ń fi DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá inú ohun alààyè, wá àrùn inú ewé ẹ̀gẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn èèyàn wọn wá já ewé nínú oko mi níbí. Mo lọ bẹ ọmọ náà wò láìpẹ́ yìí. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló wà lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mi ò fojú kan Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí mo bá ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mísítà, tí kò ní oyè dókítà (PhD) kankan, síbẹ̀ òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, títí kan àwọn tó fẹ́ di dókítà. Ọmọ mi máa ń wà níbẹ̀ di òru. Ó tún ní bí wọ́n bá tẹ ìwádìí náà jáde, orúkọ òun ni yóò ṣe ìkejì. Ta ni gbogbo àwọn èèyàn yìí? Ta ló ń kọ́ ọmọ mi nínú wọn? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ?" Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú.

Òkun o, Bàbá Tíṣà. Ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó jọ pé ó dùn yín jù: Mísítà yẹn ni ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú lẹ́tà yín. Ká ní ẹ kọ̀wé pé Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń dúró ti ọmọ yín nídìí tábìlì iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni, èmi ni ẹ̀rù ì bá bà. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo ti bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ wọn ti kúrò nídìí tábìlì yẹn tipẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi orúkọ ara wọn rà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ wọn ló ti yí padà.

Owó ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá kiri. Mi ò fi bú u o. Ìgò ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà DNA, tí ohun inú rẹ̀ kò tó ṣíbí ìmu-tíì kan, owó rẹ̀ lè gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré mì, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n sì máa fi lò ó tán. Owó yẹn kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní láti jókòó kọ ìwé gbọọrọ sí àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ìwádìí, bíi TETFund nílé níbí, tàbí sí Wellcome ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí sí NIH ní Amẹ́ríkà, kó ṣàlàyé ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn, ìdí tó fi ṣe pàtàkì, àti bí yóò ṣe ná gbogbo kọ́bọ̀. Èyí tí wọ́n máa ń kọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà. Tí wọ́n bá wá gbà á, ó kan ìròyìn ìnáwó nìyẹn. Ẹ fi kíláàsì tó ń kọ́ kún un, ìpàdé yunifásítì, ìwé àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ní kó yẹ̀ wò. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù mọkáníìkì tó lórúkọ ní Kàbà: orúkọ ọ̀gá ló wà lára pátákó, ọ̀gá ló ń bá àwọn oníbàárà dúnàádúrà, ṣùgbọ́n àgbà ọmọṣẹ́ ló wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Àmọ́ ohun kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbọdọ̀ gbé fún ẹlòmíràn: ìpàdé láàbù. Láàbù tó dáa máa ń ṣe é lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á dìde, á fi ohun tó rí han gbogbo wọn, wọ́n á sì da ìbéèrè bò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ má ṣe bi ọmọ yín bóyá ó ń rí Ọ̀jọ̀gbọ́n lójoojúmọ́. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé odindi sáà kan ti kọjá, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ó wá ku Mísítà. Technologist, onímọ̀ iṣẹ́ láàbù, ni irú wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ HND tàbí dìgírì kìíní ló ní. Irú iṣẹ́ wọn ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2003 ni ìjọba ṣòfin tó dá àjọ NISLT sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ láàbù sáyẹ́ǹsì, ọdún kan náà ni wọ́n ṣe ti àwọn onímọ̀ láàbù ìṣègùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló jẹ́ kí àwọn tó ń kàwé dókítà máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe rí hàn yín.

Ẹ mọ bí ẹ̀kán omi kan ṣe kéré tó. Ohun tí wọ́n máa ń wọ̀n níbẹ̀ lè jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta ẹ̀kán yẹn, ojú sì lè má fẹ́ẹ̀ rí i nínú ike kékeré tí wọ́n ń dà á sí. Pípẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àtàǹpàkò ló ń tẹ orí rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á dúró níbì kan. Bó bá fi agbára kún un, á tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, á dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ibi ìdúró kìíní ni a ń tẹ̀ dé ká tó ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, ká wá jẹ́ kí àtàǹpàkò padà sókè ní ẹ̀sọ̀. Ìkejì wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ tú ohun tí a fà jáde tán pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun á tẹ̀ ẹ́ dé ìkejì kó tó kì í bọ omi, á sì fa ju bó ṣe yẹ lọ láìmọ̀. Kò sí ìwé tó lè bá a mú àṣìṣe yìí. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, nìkan ló lè rí i. Mísítà lẹni náà.

Ohun kejì ló le jù. Ẹ̀rọ PCR tí wọ́n fi ń wá àrùn ẹ̀gẹ́, ìlọ́po ni iṣẹ́ rẹ̀. Á gbé omi inú ike gbóná dé nǹkan bí 95 °C kí apá méjèèjì DNA lè já kúrò lára ara wọn, á mú un tutù dé nǹkan bí 55 °C kí àwọn èérún DNA tí a fi ń wá àrùn lè lẹ̀ mọ́ ọn, á tún gbé e padà sí 72 °C kí ẹ́ńsáìmù lè kọ́ apá tó kù. Bí ó bá ti yípo lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan ti di méjì. Bí ó bá yípo ní 30 ìgbà, ẹyọ kan ti lè ju bílíọ̀nù kan lọ. Ẹ wá rò ó wò: bí èérún tí ojú ò rí bá fò láti inú ike àná wọ inú ike òní, ẹ̀rọ á sọ òun náà di bílíọ̀nù. Ewé tó lera á jáde bí ewé tó ń ṣàìsàn. Wọ́n á sì kọ̀wé sí àgbẹ̀ pé kó fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tu.

Ìdí nìyẹn tí láàbù tó mọ iṣẹ́ fi máa ń ní yàrá méjì. Ọ̀kan wà fún ìpèsè, ìkejì fún ohun tó ti kúrò nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti wọ yàrá kejì lónìí kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀wù iṣẹ́ kan náà padà sí ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn náà tí ike kan fi máa ń wà láàárín àwọn yòókù tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ àyàfi DNA: omi lásán ló dúró fún ewé. Bí ike omi bá wí pé "mo rí àrùn", irọ́ ti wọ gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Dídà ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ nù.

Ibí yìí ni agbára Mísítà wà, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń dúró de àbájáde lọ́wọ́ rẹ̀, máa fẹ́ sọ pé ìlà tó dúró fún àrùn, tó hàn nínú àbájáde ike omi yẹn, tín-ín-rín, kò jẹ́ nǹkan. Ẹni tó máa wo ojú rẹ̀ tó máa ní, "Dà á nù, kí o sì tún un ṣe," kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ipò tirẹ̀ rọ̀ mọ́ àbájáde náà. Technologist kò wá oyè, kò wá orúkọ nínú ìwé. Ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó dé, ó sì máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Mo ti rí láàbù tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò ní irú èèyàn báyìí, mi ò sì lè fi ọkàn tán ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde.

Láàárín Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Mísítà, ẹnì kan wà tí ẹ lè má kíyè sí: ẹni tí wọ́n ń pè ní postdoc. Ó ti gba oyè dókítà rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò tíì ríṣẹ́ tó dúró. Àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bá a ṣe, orí owó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n rí gbà ni iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró lé. Owó tán, iṣẹ́ tán. Òun lẹ máa rí tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń mu kọfí. Bí Mísítà bá kọ́ ọmọ yín ní bí a ṣe ń ṣe é, òun ni yóò kọ́ ọ ní ìdí tí a fi ń ṣe é, ìbéèrè tó kàn, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láàbù nílé níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wọn. Níbi tí kò bá sí, àgbà nínú àwọn tó ń kàwé dókítà ló ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyà tó jẹ wọ́n kò kéré.

Àwọn yòókù wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ọmọ IT, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kì í wọ ìbọ̀wọ́ rárá, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń ka lẹ́tà DNA lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ìyá tó ń fọ gíláàsì: omi ẹ̀rọ nìkan kò tó o, wọ́n ní láti fi omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ kó tún di omi, ṣan án kẹ́yìn, torí iyọ̀ inú omi lásán lè ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ìyá yẹn bá gba ìsinmi, gbogbo wọn máa mọ̀. Àti ẹni tó ń ra nǹkan, tó ń sáré lórí tẹlifóònù pẹ̀lú àwọn tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, torí inú yìnyín ni ẹ́ńsáìmù máa ń dé, yìnyín kò sì mọ̀ pé oníbodè ò tíì fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn tó wá sí oko yín wà nínú rẹ̀ náà, ẹ má fojú kéré wọn. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á kọ́kọ́ kí baálẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé fún olóko ohun tí wọ́n fẹ́ mú àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ mú un. Ewé tó lọ́, tó ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú bí ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn mòsáíìkì mú, wọ́n á já èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí rẹ̀, wọ́n á tò ó sáàárín bébà, wọ́n á kọ orúkọ abúlé àti déètì sí i. Kòkòrò funfun tín-ń-tín tó ń fò bí ẹ bá gbọn ewé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà láti orí igi kan dé òmíràn. Igi tí a gé láti ara èyí tó ti ń ṣàìsàn, tí a tún gbìn, ló sì ń gbé e láti ọdún dé ọdún. Tí ẹni tó kọ orúkọ sára bébà bá ṣi Ìsánlú kọ sí Mọ̀pà, kò sí ẹ̀rọ kankan ní Ìbàdàn tó lè tún un ṣe.

Ẹ béèrè nípa òru. Ohun méjì ló ń fà á. Èkíní, iṣẹ́ náà kò mọ aago ọ́fíìsì. PCR lè gba wákàtí méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á tún wo àbájáde rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sin bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní E. coli, tó lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó kan kí ẹnì kan wà níbẹ̀ nígbà tó bá yẹ kí wọ́n gbé e kúrò. Èkejì, iná. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí ní Ìsánlú. Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù. Fírísà tí DNA ọdún mélòó kan wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní −80 °C, ẹ́ńsáìmù sì gbọ́dọ̀ wà ní −20 °C. Bí iná bá lọ lóru, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì tàn, ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀. Bákan náà, bí iná bá dé lágogo mẹ́wàá alẹ́, ìgbà yẹn làwọn míì máa ń rí àyè lo ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n àwíjàre láàbù nìyẹn, kò tó fún bàbá. Ẹ bi í léèrè: ṣé òun nìkan ló ń wà níbẹ̀ lóru? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Báwo ló ṣe ń padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì? Láàbù tó bá fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ lóru pẹ̀lú kẹ́míkà kò ṣe dáadáa, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe Mísítà kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ní ti ewu inú iṣẹ́ náà, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ kì í mú èèyàn. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún ni àwọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí DNA hàn, ethidium bromide, tí wọ́n fura pé ó lè ba DNA tiwa náà jẹ́, àti iná ultraviolet tí wọ́n fi ń wò ó, tó lè ba ojú jẹ́. Ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú, kò sì sí ẹ̀pà tàbí búrẹ́dì nínú láàbù. Bí ẹ bá rí i tó fi ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ gbé fóònù dáhùn yín, ẹ bá a wí.

Ó wá kan orúkọ, èyí tí ẹ rò pé wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ. Nínú ìwé ìwádìí irú tiwa, ẹni tó ṣe iṣẹ́ jù ni orúkọ rẹ̀ máa ń ṣíwájú, ọ̀gá láàbù ló sì máa ń wà nígbẹ̀yìn pátápátá. Ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ẹ̀yìn ìtìjú, ipò olówó ni. Àárín ni èrò pọ̀ sí. Ìkejì fún ọmọ tó ń kàwé Másítà kò kéré rárá, tó bá jẹ́ pé ẹni tó wà ní ìkíní ṣe jù ú lọ lóòótọ́. Ìyẹn nìkan ló yẹ kí ẹ wádìí, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló sì máa sọ ọ́: ìwé tó ń kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sí, pẹ̀lú déètì. Ẹ ní kó má fi ojú ewé kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tó wà ní ìkejì. Ní 1952, ní Cold Spring Harbor ní Amẹ́ríkà, Alfred Hershey ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ Martha Chase. Kò tíì gba oyè dókítà nígbà náà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà ń tì wọ inú bakitéríà, bóyá purotéènì ni tàbí DNA. Wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán sàmì sára DNA, wọ́n fi súlífọ̀ onítànṣán sàmì sára purotéènì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìlọta ilé ìdáná gbọn fáírọ́ọ̀sì kúrò lára bakitéríà. DNA ló pọ̀ jù nínú ohun tó wọlé. Orúkọ méjì péré ló wà lórí ìwé náà. Ní 1969, Hershey gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú onímọ̀ méjì mìíràn, Delbrück àti Luria; Chase kò sí níbẹ̀. Ìyẹn dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n torí pé orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ọmọ ilé ìwé tó bá ka ìwádìí yẹn ní Lọ́kọ́ja lónìí máa pe orúkọ obìnrin yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn ò wọ ìwé, ta ló mọ̀ wọ́n?

Ẹ́ńsáìmù tí ọmọ yín ń lò pàápàá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Inú bakitéríà kan tó ń gbé nínú omi gbígbóná ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, ìdí nìyẹn tí ooru 95 °C kò fi pa á. Thomas Brock ló ní láàbù tó rí bakitéríà náà. Hudson Freeze tó bá a ṣe é kò tíì gba dìgírì kìíní nígbà yẹn. Ní 1969 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kary Mullis tó ronú kan PCR ní 1983 gba Nobel ní 1993.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ lè ṣe nítòsí wa, ẹ rántí 2020. Wọ́n rí aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 27 Oṣù Kejì. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, láàbù ACEGID ní Yunifásítì Redeemer ní Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, ti ka gbogbo lẹ́tà inú fáírọ́ọ̀sì náà tán. Orúkọ Happi làwọn oníròyìn gbé. Ẹni tó gba àyẹ̀wò, ẹni tó gbé e wá, ẹni tó fi pípẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n, ẹni tó ka kọ̀ǹpútà, àwọn náà kò sùn.

Ó ku ohun kan tí ẹ ò béèrè, tí mo mọ̀ pé ó máa kàn yín lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn Másítà, ọmọ yín á wá iṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, tàbí ní ilé ìwádìí ẹ̀gẹ́ ní Umudike, tàbí á fẹ́ lọ kàwé dókítà lókè òkun. Níbi gbogbo, wọ́n á béèrè lẹ́tà ẹ̀rí. Mísítà kò lè kọ lẹ́tà yẹn. Bó bá kọ ọ́, wọn ò ní kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pè é lálẹ́ Sunday, ẹ sọ fún un pé kó má jókòó sẹ́yìn níbi ìpàdé láàbù. Kó dìde, kó sọ ohun tí ike omi rẹ̀ wí, bó bá dáa tàbí bó bá burú. Ẹ sì fi iṣu méjì ránṣẹ́ sí Mísítà nígbà tí ẹnì kan bá ń lọ Ìbàdàn. Kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ọmọ yín ló ń bá yín tọ́.